Omi tó jáde nínú alùpùpù mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, láàárín Mọ́kọ́lá sí Sángo n'Ìbàdàn, ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì alùpùpù mi hàn kúrò níbi tó máa ń dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ náà le. Micra níwájú, Micra lẹ́yìn, Micra ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ibi tí èèyàn lè yà sí. Ooru ẹ́ńjìnì ń ta mí ní itan. Kí n tó ráyè yà sí abẹ́ igi kan, ọwọ́ gééjì ti wọ inú pupa. Mo pa á. Ìgbà tí ariwo rẹ̀ dákẹ́ tán ni mo wá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú: omi ń hó gùdù-gùdù bí ìkòkò ẹ̀wà tí wọ́n gbàgbé sórí iná, ó ń gba inú họ́ọ̀sì kékeré kan bọ́ sínú ike tó ń gba àkúnwọ́sílẹ̀. Omi náà kò jọ omi. Ó pupa rúsúrúsú, ó ki, nǹkan kan tó dà bí èépá sì léfòó lójú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí i, ẹ jẹ́ ká da omi tútù sí i!" Ó ti ń wá ibi tí ìdérí wà kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún, mo ní kó jọ̀ọ́ kó má fọwọ́ kàn án. Omi inú rédíétọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ omi inú ìkòkò. Ìdérí rẹ̀ ní sípíríǹgì nínú tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀; 1.1 ni wọ́n kọ sórí tèmi, ìyẹn ni pé ó máa fún omi pa tó bar 1.1 (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) kó tó gbà kó yọ. Omi tí wọ́n bá fún pa báyẹn kì í hó ní dígíríì 100 mọ́. Ó lè dé 120 kó ṣì wà ní omi. Ẹni tó bá ṣí i lásìkò yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni omi náà máa hó, á sì fò sí i lójú tòun ti ooru rẹ̀. Mo mọ ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Òjé tí awọ apá ọ̀tún rẹ̀ sún kì bí awọ ẹja yíyan láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìdérí rédíétọ̀ ló ṣí. Torí náà mo jókòó lábẹ́ igi yẹn fún wákàtí kan gbáko, mo ń wo àwọn tó ń kọjá, títí ọwọ́ mi fi lè dúró lára ẹ́ńjìnì.

Omi pupa yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi tọpasẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì mi palẹ̀ nítorí àìsàn tí kò ṣe é.

Bàbá mi gun Honda CG125 ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe olùkọ́ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Máṣíìnì yẹn, tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, kò mọ ohun tó ń jẹ́ rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Àwọn ìhà pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tò sára ẹ́ńjìnì rẹ̀, ooru ń gba ara wọn jáde. Bí bàbá mi bá gun òkè títí tí wọ́n rí i pé ó ń mí hẹlẹ, wọ́n á dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á bó ọsàn kan jẹ, wọ́n á tún máa lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀kadà tó wà nígboro lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì alùpùpù wa fi mọ ẹ́ńjìnì tinú-tòde, ṣùgbọ́n tí alùpùpù tó ń lo omi bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n ti rí lára mọ́tò ni wọ́n máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mélòó ni irú rẹ̀ tó ń wá bá wọn lọ́dún?

Tèmi jẹ́ Honda CBR600F ọdún 1996, sìlíńdà mẹ́rin, 599 cc, tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé. Ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì ní Nàìjíríà kó tó dé ọwọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bó ṣe ń dún nígbà tó bá ti mórí lé ọ̀nà tó já gaara, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lára ohun mìíràn. Iṣẹ́ omi inú rẹ̀ kò sì ṣòroó yé: pọ́ǹpù ń ti omi yí sìlíńdà ká, omi gba ooru lára wọn, ó bọ́ sínú rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ tù ú, ó padà síbi iṣẹ́. Tàmósítáàtì ni asọ́bodè láàárín wọn. Tí omi bá ṣì tutù, á tilẹ̀kùn kí ẹ́ńjìnì lè tètè móoru. Tí omi bá dé bíi dígíríì 80 sí 84, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn. Tó bá tún gbóná kọjá ìyẹn, tó dé nǹkan bí 100, fáànù á tan ara rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ́ńjìnì ti tutù pátápátá, mo tú ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣí ìdérí, mo fi ṣíbí àtijọ́ kan bu omi náà sínú abọ́ funfun, mo gbé e jáde sínú oòrùn.

Ẹ má fojú kéré abọ́ funfun. Lára alùpùpù, omi náà jọ ẹrọ̀fọ̀ lásán. Nínú abọ́, ó pín sí mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ni erùpẹ̀ pupa tó kúnná rọlẹ̀ sí. Ìyẹn ni ìpẹtà. Alumíníọ̀mù ni ẹ́ńjìnì náà, alumíníọ̀mù kì í sì í dógùn-ún pupa, ṣùgbọ́n páìpù irin wà lójú ọ̀nà omi rẹ̀, irin tí omi lásán bá sì ń bá gbé ní ọdún dé ọdún á dógùn-ún. Láàárín ìpẹtà yẹn ni mo rí wóró-wóró funfun bí àgbọn tí wọ́n rin. Ìyẹn bà mí nínú jẹ́ ju pupa lọ, nítorí bí alumíníọ̀mù ṣe máa ń rí tí omi bá ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Lójú omi náà ni èépá yẹn wà, ó dúdú, ó ń dán díẹ̀.

Mo gbé alùpùpù náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Òo, ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Kí ló tún ṣe é?"

Mo fi abọ́ hàn wọ́n. Wọ́n ti ìka bọ èépá náà, wọ́n fi àtàǹpàkò rà á. "Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ọ́ìlì ló léfòó lójú omi yìí. A máa tú orí rẹ̀ ni."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má gùn ún o."

Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ìsọkúsọ. Gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti sìlíńdà ló ya omi, ọ́ìlì àti iná sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Tó bá jó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara wọn wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú orí sìlíńdà mẹ́rin, kí wọ́n tó rí gáskẹ́ẹ̀tì ọdún 1996 rà, kí wọ́n tó tò ó padà kó sì jọ ti tẹ́lẹ̀, owó tó máa bá a lọ pọ̀, ewu rẹ̀ sì ju owó lọ. Mo fẹ́ bi omi náà léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé sípánà.

Ẹlẹ́kara àdúgbò wa ló kọ́ mi ní ìbéèrè àkọ́kọ́, bí òun fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ wo bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Bó bá gbẹ títí di ọ̀la, ojú ibi tí epo kàn á ṣì máa dán, ẹ lè fi wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi á gbẹ, bébà á padà sí bó ṣe wà. Mo ya bébà kan nínú ìwé àwọn ọmọ, mo kán èépá yẹn sí apá kan, mo kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí apá kejì, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tó di ọ̀sán, ibi tí ọ́ìlì wà ń dán bíi gíláàsì. Ibi tí èépá wà ti gbẹ fúrúfúrú, ó ṣẹ́ku erùpẹ̀ dúdú kan tó ṣeé fi èékánná ha kúrò. Kò sí ọ́ìlì nínú omi náà.

Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣáná sínú sìlíńdà, mo tò wọ́n sórí aṣọ ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Sìlíńdà tí omi bá ń jò sínú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ, bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́. Gbogbo tèmi ló ní àwọ̀ àádùn kan náà. Mo dá wọn padà, mo da omi kún rédíétọ̀, mo ṣí ìdérí sílẹ̀, mo tan ẹ́ńjìnì ní tútù, mo sì dojú kọ ẹnu rẹ̀. Tí iná bá ń sá láti inú sìlíńdà bọ́ sínú omi, ẹ máa rí ìfófòó tí kò ní dáwọ́ dúró, á sì máa rùn bí èéfín. Ìfófòó díẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sínú họ́ọ̀sì ni, lẹ́yìn náà ojú omi parọ́rọ́.

Ó kù kí n mọ ibi tí ooru ti wá. Ìgbà tí alùpùpù bá ń gbóná ṣe pàtàkì púpọ̀. Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ló ti ń gbóná, tó sì ń tutù tó bá rí ọ̀nà, ẹ wo fáànù ná. Tó bá jẹ́ lórí eré ló ti ń gbóná, omi ni kò rí ọ̀nà yí po: rédíétọ̀ ti dí, tàbí pọ́ǹpù ò ti í dáadáa. Tó bá sì jẹ́ pé kò tíì pẹ́ tí ẹ tan án tó ti gbóná, tí ara rédíétọ̀ ṣì tutù, tàmósítáàtì ti gan, tàbí afẹ́fẹ́ ti há sójú ọ̀nà omi. Tèmi ń gbóná ní méjèèjì, nínú ìdúró àti lórí eré, àmọ́ ti ìdúró burú jù.

Fáànù ò ṣẹ̀. Ẹnì kan ti já wáyà rẹ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣọ́ ooru, ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, nítorí náà gbàrà tí mo bá ti tan kọ́kọ́rọ́ ló ń yí. Mo tú ilé tàmósítáàtì. Ó ṣófo. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? "Ilẹ̀ olóoru la wà, a ò nílò tàmósítáàtì, ẹ yọ ọ́ kúrò." Mélòó mélòó mọ́tò ni wọ́n ti yọ ọ́ lára wọn nílẹ̀ wa! Bí ọ̀nà bá já gaara, ẹ́ńjìnì tí kò ní in kì í móoru tó bó ṣe yẹ. Á máa jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ á sì tètè jẹ. Ẹni tó yọ ọ́ rò pé òun mú ooru kúrò. Ohun tó ń fa ooru wà níbòmíràn, kò sì kúrò níbẹ̀.

Mo tan ẹ́ńjìnì títí ara rédíétọ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo pa á, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ. Apá òkè gbóná. Apá kan nísàlẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tutù bí ilẹ̀. Omi kì í gba ibẹ̀ kọjá rárá.

Mo tú rédíétọ̀ kúrò, mo gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣe rédíétọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi ti gbé kọ́sítíìkì sódà. Mo ní rárá o, alumíníọ̀mù ni. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ alumíníọ̀mù, á máa hó yaya, á sì luhò. Rédíétọ̀ bàbà àtijọ́ ló lè fara dà á. Mo gbé e padà sílé. Mo fi omi ẹ̀rọ ti ẹ̀yìn rẹ̀ sínú, ìyẹn ni pé mo gba ibi tí omi ti ń jáde wọlé, kí ohun tó há lè padà gba ibi tó bá wọlé. Omi tó kọ́kọ́ jáde dà bí ògì ọkà bàbà. Lẹ́yìn náà nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ pàlà lórí sìmẹ́ǹtì. Mo fi igi tú u. Ata gígún ni, ó ti di àkàrà, ó pò pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ dúdú tó ń dán bí irin lẹ́bú, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré láti fi dí rédíétọ̀ tó ń jò. Èépá tí ọ̀gá fi ìka rà nìyẹn. Citric acid tí mo pò mọ́ omi gbígbóná ni mo fi rẹ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, mo fi omi ṣan án títí ohun tó ń jáde fi mọ́ gaara nínú abọ́ funfun.

Mo tò ó padà, mo gùn ún. Ọwọ́ gééjì dúró jẹ́ẹ́. Inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kẹwàá mo rí i pé omi ti dín kù. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, kò sí èéfín funfun lẹ́yìn, kò sì sí ibi tó ti jò lára họ́ọ̀sì kankan. Mo wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì ti pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnì kì í bí ọ́ìlì. Tó bá pọ̀ sí i, nǹkan mìíràn ló wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, ohun tó jáde dà bíi kòkó tí wọ́n da mílíìkì sí.

Mo gbé e padà tọ ọ̀gá lọ. Wọ́n wò ó, wọn ò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n kàn mi orí. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tú orí yìí." Ẹnu mi ti ń sọ pé kò burú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ló ń pa mí lọ́kàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì lágbára ju omi lọ. Bar 1.1 ni ìdérí gbà fún omi. Agbára tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń ti ọ́ìlì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Bó bá jẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì ló jó láàárín ọ̀nà méjèèjì, ọ́ìlì ló yẹ kó máa ti omi, kí a rí ọ́ìlì nínú rédíétọ̀. Omi mi mọ́. Mo ti tún fi bébà wò ó, ó gbẹ láìdán. Omi ń lọ bá ọ́ìlì, ọ́ìlì ò wá bá omi. Níbo ni omi ti lè wọ inú ọ́ìlì níbi tí ọ́ìlì ò ti ní agbára kankan?

Ibi kan ló wá sí mi lọ́kàn, pọ́ǹpù omi. Ọ̀pá kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ kan wà nínú omi, èkejì wà nínú ẹ́ńjìnì níbi tí ọ́ìlì ń ta sí lásán láìní ìfúnpá. Síìlì méjì ló wà lára ọ̀pá náà, ọ̀kan ń dá omi dúró, èkejì ń dá ọ́ìlì dúró. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, síìlì máa gbó. Nítorí náà wọ́n fi àlàfo sáàárín méjèèjì, wọ́n sì lu ihò kékeré kan sísàlẹ̀ àlàfo náà, kó lè jẹ́ pé èyí tó bá kọ́kọ́ gbó nínú wọn, ìta ni á kán sí, olówó rẹ̀ á sì rí i. Ihò ẹkún ni orúkọ rẹ̀ lédè tiwọn. Ojú kì í sunkún kó má ríran, bẹ́ẹ̀ ni ihò yẹn rí: omi tó bá kán níbẹ̀, iṣẹ́ ló ń jẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì alùpùpù náà, mo dùbúlẹ̀, mo tan iná fóònù. Pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ìdọ̀tí orí ṣéènì ti bò ó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti epo kerosín fọ̀ ọ́. Mi ò rí ihò. Mo tún fọ̀ ọ́. Níbi tó yẹ kí ihò wà, kókó kan wú síta, ó tóbi tó wóró àgbàdo, àwọ̀ eérú, ó le bí òkúta. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbẹ́ etí rẹ̀, ó ṣí ní ẹ̀là kan bí èékánná. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń pò ní méjì-méjì. Ẹnì kan rí i tí omi ń kán níbẹ̀, ó sì dí i. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé tán tí mo yọ ọ́, kò sí nǹkan kan fún bíi ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà omi kan yọjú lẹ́nu ihò náà, ó wú, ó mì tìtì, ó já bọ́ sí mi ní ọrùn ọwọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń kà á. Ó ṣe mí bí ẹni tó bá odi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì tí odi wá fọhùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ wá yé mi. Omi lásán tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ti jẹ síìlì pọ́ǹpù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Wọ́n dí ihò. Nígbà tí kò rí ìta, omi gba ti síìlì kejì lọ sínú ọ́ìlì. Wọ́n da ata àti ìyẹ̀fun dídí sínú rédíétọ̀, ìyẹn sì di síìlì náà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó di rédíétọ̀ pẹ̀lú, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n yọ tàmósítáàtì, wọ́n so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́. Èmi wá fọ ata kúrò, mo sì ṣí ọ̀nà tí ata dí. Gbogbo àtúnṣe wọ̀nyẹn, orí omi kan tó ń kán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Araromi ní Agodi Gate kí n tó rí odindi pọ́ǹpù tó bá a mu. Mo fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀ bóyá ó ń ha, mo mì í bóyá ó ń yẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ wo ihò rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ibùsọ̀ díẹ̀, torí omi tó bá kù nínú ọ́ìlì máa ń ba bẹ́ríǹ jẹ́. Mo ra tàmósítáàtì, mo fi òwú so ó rọ̀ sínú omi lórí sítóòfù pẹ̀lú ohun ìwọn ooru, kí n lè rí i pé ó ń ṣí.

"Bàbá Ìbùkún, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ mi kọ́ lẹ gbé yẹn?"

Agolo mílíìkì ni. Ní dígíríì 82, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ìpẹ́pẹ́ ojú ẹni tó ń jí. Ìyàwó mi dúró tì mí, àwa méjèèjì sì jọ ń wò ó.

Ní ti ohun tí mo dà sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, ṣé yìnyín ń bọ́ n'Ìbàdàn ni tí mo fi ń ra kúláǹtì? Lóòótọ́, ní ìlú òtútù, ó máa ń ṣọ́ omi kó má dì. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń dènà ìpẹtà wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi bátìrì ni mo pò. Omi bátìrì, nítorí wọ́n ti mú iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà mọ́ fún ẹnu, iyọ̀ ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnì bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Kí ẹ sì ṣọ́ra níbi tí ẹ bá ti ń rà á: ásíìdì bátìrì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ike tó jọ ọ́. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa, àwọ̀ búlúù ara kúláǹtì, aró lásán ni. Ara agolo ni kí ẹ kà: kó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì alumíníọ̀mù, kó má ní silicate nínú, torí ó máa ń ha síìlì pọ́ǹpù. Ẹ má po oríṣi méjì pọ̀. Ọdún méjì-méjì ni mo ń pààrọ̀ tèmi.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ yín lórí rẹ̀. Ethylene glycol tó wà nínú kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń pani. Bí mo ṣe ń tú u nínú àgbàlá lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ará ilé wa ti sún mọ́ abọ́ náà tó fẹ́ lá a. Ọmọdé náà lè tọ́ ọ wò. Láti ọjọ́ yẹn, inú gálọ́ọ̀nù olómọrí ni mo ń tú u sí, mo sì ń kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé MÁJÈLÉ.

Lẹ́yìn tí mo ti fún họ́ọ̀sì títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán, mo gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọwọ́ gééjì ò kúrò lójú kan láti ilé dé iwájú ilé bàbá mi. Wọ́n jáde, wọ́n yí i po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. "Ibo ni ihò tí o ń sọ ọ̀hún?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n wo ìka náà. Ó gbẹ.

Mo gbé pọ́ǹpù àtijọ́ lọ fún ọ̀gá mẹkáníìkì. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tọ ihò náà, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pe àwọn ọmọṣẹ́ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ wá wo nǹkan." Wọ́n fi ìṣó kan pọ́ǹpù náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ojú ihò náà lè kọjú síta.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí fóònù mi dún.

"Bọ̀dá, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹnì kan gbé irú tiyín wá síbí, omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ká bá òun fi gọ́ọ̀mù dí i. Mo ní a ò ní dí i." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń lu irin lẹ́yìn wọn. "Ṣé ẹ ṣì ní nọ́ńbà ẹni tó ta pọ́ǹpù yẹn fún yín?"